Gíga Tí Ẹ̀gbọ́n Kó Lọ

Bàbá Ọ̀mọ̀wé kúrú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sì dá lẹ́bi. Ibi ìgbéyàwó ni o, ibi ìsìnkú ni o, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í yí padà: “Ẹ̀gbọ́n mi ló kó gbogbo gíga inú ìyá wa tán kí n tó débẹ̀.”

Ẹ̀gbọ́n yìí ga débi pé Òpó làwọn èèyàn ń pè é. Òun náà gbà pé òun jẹ̀bi. Bó bá ti wà lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀, ńṣe ló máa ń tẹ̀ kọrọdọ.

Iṣẹ́ Ọ̀mọ̀wé, ọmọ Bàbá, ni kó máa ka ìwé àwọn sójà àtijọ́, níbi tí wọ́n kọ gíga oníkálukú sí. Ohun tó rí níbẹ̀ yà á lẹ́nu: bí ilé-iṣẹ́ ńláńlá ṣe ń dé, tí owó ń wọ àpò àwọn èèyàn, bẹ́ẹ̀ làwọn ọmọ tí wọ́n bí sí ìlú ilé-iṣẹ́ ń kúrú sí i.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń jẹun, ó ní, “Bàbá, ẹ̀gbọ́n yín ò jí nǹkan kan kó o.”

Bàbá gbé ṣíbí sílẹ̀. “Ta ló wá jí i?”

“Ilé-iṣẹ́ aṣọ ni. Oko ni wọ́n fi ẹ̀gbọ́n yín sílẹ̀ sí lọ́dọ̀ ìyá yín àgbà. Wàrà ń bẹ, ẹyin ń bẹ. Ẹ̀yìn ilé-iṣẹ́ ni wọ́n bí ẹ̀yin sí, gbogbo ilé nínú yàrá kan, omi ìdọ̀tí, ikọ́ lónìí, ìgbẹ́ gbuuru lọ́la. Ìwọ̀nba oúnjẹ tẹ́ ẹ bá rí, àìsàn ń bá yín jẹ ẹ́. Kí ni egungun fẹ́ fi gùn?”

“Ṣùgbọ́n a lówó ju ará oko lọ. Bàbá mi ra aago!”

“Ọmọ kì í jẹ aago, Bàbá.”

Òpó gbójú sókè. “Ṣé pé mi ò jẹ̀bi?”

“Ẹ ò jẹ̀bi rárá, sà.”

Ó dìde, ó nàró ṣánṣán bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. Orí rẹ̀ gbá gílóòbù, gílóòbù fọ́ sínú ọbẹ̀.

Bàbá wo ọbẹ̀ títí. Kì í ṣe ọbẹ̀ ló ń dùn ún. “Ta ni kí n wá máa bínú sí báyìí? Wọ́n ti wó ilé-iṣẹ́ yẹn.”

“Máa bínú sí mi, àbúrò mi,” ni Òpó wí. “Ó ti mọ́ mi lára.”

Bàbá rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. “Ó dáa. Gílóòbù mi tẹ́ ẹ fọ́ ńkọ́?”

Ọ̀mọ̀wé gbé ọbẹ̀ lọ dà nù. Nígbà tó fi padà dé, ẹjọ́ gílóòbù ti gbóná, ara àwọn méjèèjì sì ti yá.