Ara Le, A Dúpẹ́

Ẹni tó kọ́ gbogbo Òkè-Àràbà ní irọ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba tiwọn jẹ́ kì í ṣe ènìyàn burúkú. Bàbá Ẹlúyẹmí ni, àgbà olóko tí kò fẹ́ kí ojú ti abúlé òun.

Abúlé yìí kò jìnnà sí Ìjẹ̀ṣà-Iṣu, bí òjò ò bá ti rọ̀. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo, Tóyọ̀sí, ló wà ní ilé ìwòsàn wọn. Òun ní í gbẹ̀bí, òun ní í pín oògùn, òun náà ní í gbálẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ó lọ fún àwọn ọmọ abúlé kejì ní abẹ́rẹ́ àjẹsára nígbà tí ìrọbí mú Jùmọ̀kẹ́, ìyàwó ọmọ Bàbá Ẹlúyẹmí. Ọ̀kadà ni wọ́n fi gbé e lọ sí Ìkọ̀lé. Ọmọ inú rẹ̀ kò dé ibẹ̀ láàyè. Jùmọ̀kẹ́ sì ti tún lóyún báyìí, ẹ̀rù sì ń ba bàbá nígbàkigbà tó bá wo ikùn rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ìjọba fẹ́ fi agbẹ̀bí, apòògùn àti ẹni tí yóò máa wọlé kiri wo aláìsàn kún Tóyọ̀sí, àti pé àwọn aṣojú ìjọba ń bọ̀ wá wo abúlé tó nílò wọn jù, kò sẹ́ni tó yọ̀ tó bàbá. Ló bá pe ìpàdé.

"Ẹ wẹ̀, kí ẹ wọṣọ tó dáa. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tiro níwájú àlejò. Bí wọ́n bá bi yín, ẹ ní ara le, a dúpẹ́. Ẹ má jẹ́ ká dójú ti ùlú yìí!"

Òun alára ní egbò kan lẹ́sẹ̀ tó ti kọ̀ tí kò san láti ìgbà ìroko. Ó fi àkísà dì í, ó sì fa ìbọ̀sẹ̀ bò ó.

Ọjọ́ pé, wọ́n filé pọntí, wọ́n fọ̀nà rokà. Ọ̀gá àwọn àlejò, Ọ̀gbẹ́ni Adétúnjí, dojú kọ Ìyá Fẹ̀yìntọlá, ìyá tó jẹ́ pé ògiri ló máa ń dì mú rìn nítorí òòyì.

"Màmá, ara ńkọ́?"

"A dúpẹ́, ọmọ mi. Ara le koko."

Ó bi Rótìmí, tí ikọ́ rẹ̀ ń lé ẹyẹ lóko. Rótìmí gbé ikọ́ mì. "A dúpẹ́, sà." Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ń wí. Tóyọ̀sí lanu, ó tún pa á dé. Ta ni yóò pe àwọn àgbà ní òpùrọ́ níwájú àlejò?

Inú ọkùnrin náà dùn. "Ẹ kú oríire o. Abúlé tí ara wọn kò le la ó kọ́kọ́ fún ní òṣìṣẹ́." Ó dìde.

Bàbá wo Jùmọ̀kẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì rántí ọ̀nà Ìkọ̀lé. Ojú tì í gidigidi, nítorí àṣẹ tirẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ lé.

"Ẹ jókòó, ọmọ mi."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ó tú àkísà. Òórùn gba ibẹ̀ kan.

"Ara mi ò le. Irọ́ ni mo pa. Èmi náà ni mo kọ́ àwọn yìí."

Ìyá Fẹ̀yìntọlá ló kọ́kọ́ pòṣé.

"O ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ̀rọ̀! Òòyì fẹ́ gbé mi ṣubú, mo tún we gèlè tó ń fún mi lórí, torí ẹnu rẹ, Ẹlúyẹmí!"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Rótìmí sì tú gbogbo ikọ́ tó ti ń gbé mì sílẹ̀. Àwọn àlejò tún jókòó, wọ́n sì pẹ́ kí wọ́n tó lọ.

Kí iṣu tuntun tó jáde, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tuntun ti dé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Dára, agbẹ̀bí tuntun náà, jáde láti yàrá Jùmọ̀kẹ́, ó ń nu ọwọ́. Ọmọ tuntun ń ké nínú ilé. Omi bọ́ lójú bàbá níbi tó jókòó sí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ẹ kú ewu ọmọ, bàbá. Ara ńkọ́?"

"A dú..." Ó gbé ìyókù mì. Ó rọra na ẹsẹ̀ síwájú.

"Ó ṣì ń ro mí, ọmọ mi. Wá bá mi wò ó."