Ẹ̀rọ Inú Hádàgì

Àárọ̀ ni wọ́n gbé Dagva wọlé. Ìfun rẹ̀ ti lọ́, ikùn rẹ̀ le bí igi. Gombo, dókítà oníṣẹ́ abẹ, wò ó, ó sì fa Dolgor sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Tá ò bá là á lónìí, ó ti lọ nìyẹn. Ìwọ lo máa fún un lóorun. Ṣé o lè ṣe é?"

"Kí ló dé tí mi ò ní lè ṣe é?"

"O mọ ohun tí mò ń sọ."

"Mo mọ̀ ọ́n. Lọ fọwọ́ rẹ."

Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n nílé ìwòsàn yẹn. Dagva ni ọ̀gá àgbà nígbà tí Kuwabara, dókítà arúgbó kan láti Japan, kọ́kọ́ wá sí Mòngólíà láti fi ilé ìwòsàn tirẹ̀ bá tiwọn ṣọ̀rẹ́. Ó mú ẹ̀rọ kékeré kan wá. Ìka aláìsàn tó ń sùn lábẹ́ ọ̀bẹ ni wọ́n ń fi í há. Bí afẹ́fẹ́ bá ń tán nínú ẹ̀jẹ̀ onítọ̀hún, ẹ̀rọ á ké kí ètè rẹ̀ tó dúdú.

Dagva fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó fi hádàgì wé e, sílíkì aláwọ̀ sánmà tí wọ́n fi ń bọlá fúnni. Ó gbé e sí àyè ọlá nínú ọ́fíìsì rẹ̀, bí wọ́n ti ń gbé ẹ̀bùn àlejò pàtàkì sí i nínú àgọ́. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ náà jókòó sí, ẹnikẹ́ni ò lò ó rí.

Lọ́jọ́ tí ẹṣin gbé Zundui, àbúrò Dolgor, ṣubú, tí ẹ̀jẹ̀ ń ya sí i nínú, Dolgor sáré lọ sí ọ́fíìsì náà.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní ẹ̀rọ yẹn."

"Kí àwọn ará Japan wá padà bá a ní fífọ́? Ṣé ẹ̀bùn àlejò la fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ kùn? Ìwọ ò lójú ni? Máa wo ètè rẹ̀."

Dolgor fún àbúrò rẹ̀ lóorun fún iṣẹ́ abẹ, ó sì ń wo ètè. Iná yàrá náà ò mọ́lẹ̀ dáadáa. Nígbà tó fi rí i pé ètè ti dúdú, ọ̀pá tí wọ́n kì bọ̀ ọ́ lọ́nà ọ̀fun kó lè máa mí ti yẹ̀ tipẹ́. Zundui ò jí mọ́. Dagva wá síbi ìsìnkú, ó jẹ ẹran àgùntàn, ó ní àyànmọ́ ni.

Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé. Ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Dolgor ò bá ẹnikẹ́ni jà. Kuwabara mú un lọ sí Japan, ó kọ́ṣẹ́ dé ojú àmì. Nígbà tó padà dé, àwọn méjèèjì jọ dá wọ́ọ̀dù kan sílẹ̀ fún àwọn tó wà lẹ́nu ikú. Ẹ̀rọ tuntun dé, Dolgor ò sì jẹ́ kí wọ́n fi aṣọ wé ìkankan. Dagva fẹ̀yìn tì, ó fi ẹ̀rọ àlejò náà sílẹ̀ nínú ọ́fíìsì, Dolgor sì mú un. Ti àtijọ́ yẹn nìkan ló ṣì wà nínú aṣọ rẹ̀, nínú àpótí Dolgor.

Òun ni Dolgor gbé wọ yàrá iṣẹ́ abẹ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé Dagva wá. Ó gbé e lé Dagva láyà.

"Bàbá, ṣé ẹ dá a mọ̀?"

"Dolgor, ọmọ mi..."

"Èmi kì í ṣe ọmọ yín. Ẹ tú u."

"Inú ń run mí."

"Ó run Zundui náà lọ́jọ́ yẹn. Ẹ tú u."

Ó tú u. Ó ki ìka bọ̀ ọ́, ó tẹ bọ́tìnì. Ó tún un tẹ̀. Bátìrì ti wú, ìpẹtà aláwọ̀ ewé ti bo inú rẹ̀.

"Kò ṣiṣẹ́," ó ní, bí ọmọdé.

"Kò ṣiṣẹ́ rí. Òun la máa fi ṣọ́ yín lónìí."

Dagva bú sẹ́kún. "Mo bẹ̀ ọ́. Èyí tó wà lára ògiri yẹn, fi ìyẹn ṣọ́ mi."

"Kó wá bàjẹ́ ńkọ́? Bàbá Kuwabara ti wà nílùú. Kí ni ká sọ fún wọn?"

Gombo gbóhùn sókè láti ẹnu ọ̀nà. "Dolgor, ó tó."

"Kò tíì tó."

Dolgor jẹ́ kó sunkún tẹ́rùn. Lẹ́yìn náà ló fi ẹ̀rọ tó dáa há ìka rẹ̀ kejì, ó sì fún un lóorun.

Iṣẹ́ dé ìdajì, ẹ̀rọ ké. Afẹ́fẹ́ ń lọ sílẹ̀. Ọwọ́ Dolgor wà lórí àpò tí wọ́n fi ń tẹ afẹ́fẹ́ sí aláìsàn nínú, kò tẹ̀ ẹ́. Ètè Dagva ló ń wò. Ètè náà ṣì pupa. Ẹ̀rọ ń ké, ètè ṣì pupa. Gbogbo àyè yìí, láti ìgbà tí ẹ̀rọ ké títí ètè á fi dúdú, ni òun ìbá ní lọ́jọ́ Zundui.

"Dolgor!" ni Gombo pariwo.

Lójú Dolgor, ikú yá jù láti fi jẹ Dagva níyà. Ó ti ọ̀pá bọ àyè rẹ̀, ó tẹ àpò. Afẹ́fẹ́ gòkè.

"Ṣé o sùn ni?" ni Gombo bi í.

"Mo wo ohun tí mo fẹ́ wò. Máa rán ikùn rẹ̀ lọ."

Nígbà tí Dagva lè jókòó, àwọn ọmọ rẹ̀ pé yí i ká. Kuwabara náà wà níbẹ̀, ó ń wo àwọn aláìsàn. Dolgor wọlé. Ó tẹ́ hádàgì sórí ọwọ́ méjèèjì, ẹ̀rọ tó kú náà wà lórí rẹ̀. Ó ti lẹ fọ́tò Zundui mọ́ ojú ẹ̀rọ náà. Nílẹ̀ wọn, ẹnikẹ́ni kì í kọ ohun tí a bá fi hádàgì gbé wá, àgàgà lójú ọmọ ẹni.

"Bàbá, mo fi èyí ta yín lọ́rẹ. Àyè ọlá inú àgọ́ yín ni kẹ́ ẹ gbé e sí."

"Bàbá, ta ni ọmọkùnrin yìí?" ni àkọ́bí rẹ̀ obìnrin béèrè.

Dagva wo Kuwabara. Kuwabara wo ẹ̀rọ, ó dá a mọ̀, ó sì sorí kọ́.

"Ẹ dá a lóhùn, bàbá," ni Dolgor wí. "Gbogbo àlejò tó bá wọlé ló máa béèrè."

Dagva na ọwọ́ méjèèjì, ó gbà á.

Nígbà òtútù, darandaran kan wá fún iṣẹ́ abẹ. Ó ní òun yà mu tíì lágọ̀ọ́ Dagva, òun sì rí fọ́tò kan níbẹ̀.

"Ṣé ó sọ ẹni tó wà nínú rẹ̀ fún ọ?" ni Dolgor bi í.

"Ó sọ ọ́. Ẹkún ò jẹ́ kó sọ ọ́ tán."

"Ó dáa," ni Dolgor wí. "Na ìka rẹ."