Ọkọ̀ Kẹrin

Ìlànà ìdíje ìtàn ìlú fáwọn ọmọ ilé ìwé ò gbà ju ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọ̀rọ̀ lọ lórí pátákó àfihàn kan. Ohun tí Tíṣà Muriel Ballantyne fi ṣe àwáwí nìyẹn, òun náà sì mọ̀ pé àwáwí ni.

Shernelle Quashie, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Ó fẹ́ sọ bí àwọn ará Belle Roche ṣe sá kúrò nílùú lọ́jọ́ Jímọ̀ Rere ọdún 1979, nígbà tí òkè oníná Soufrière bú gbàmù, tí eérú bo títì mọ́lẹ̀, tó jẹ́ pé ojú òkun nìkan ló kù téèyàn lè gbà. Ó ti tó ogún ọdún sẹ́yìn. Tíṣà rò pé ọmọ náà á kàn da ìwé ìròyìn àtijọ́ kọ ni, á lẹ àwòrán mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n Shernelle kì í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́. Gbogbo Sátidé ló ń wọ ilé àwọn àgbà kiri, á bá wọn jókòó, á bá wọn bó òtílí, títí ọ̀rọ̀ á fi máa jáde lẹ́nu wọn fúnra ẹ̀.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó kó ohun tó kọ wá fún Tíṣà. Ọkọ̀ mẹ́rin ló wà létíkun lọ́jọ́ náà. Mẹ́ta jẹ́ ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà. Wọ́n kó èèyàn lọ, wọ́n sì padà wá kó òmíràn. Egbert Lavia, apẹja, padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta títí awọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó. Ọkọ̀ kẹrin ló tóbi jù, òun nìkan ló ní ẹ́ńjìnnì. Òun ló kọ́kọ́ lọ. Èèyàn mẹ́ta péré ló wà nínú ẹ̀, pẹ̀lú fíríìjì kan àti àpò àgbọn gbígbẹ. Kò padà wá.

Shernelle fi àyè sílẹ̀ níbi tó yẹ kí orúkọ ọlọ́kọ̀ wà.

Ó rọra sọ pé, “Àwọn àgbà mẹ́ta ló dárúkọ ẹ̀ fún mi, Mísì. Mo ní kí n kọ́kọ́ bi yín ná.”

Tíṣà ò béèrè orúkọ náà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni lọ́jọ́ náà, orí àpò àgbọn yẹn ló jókòó sí, tí ìyá rẹ̀ fi aṣọ tútù bò ó lójú. Kò ríran, ṣùgbọ́n ó gbọ́ bí àwọn tó wà létíkun ṣe ń pe bàbá rẹ̀ lórúkọ. Bàbá náà ṣì wà láyé, rọpárọsẹ̀ ti mú apá òsì rẹ̀, òun sì ni àgbà ìjọ tí gbogbo Mẹ́tọ́díìsì ìlú ń kúnlẹ̀ kí. Wọn ò sọ̀rọ̀ ọjọ́ náà nílé rí.

Tíṣà ní, “Ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù. Yọ apá ibí yìí kúrò.”

“Ṣé kí n dín ti òkè kù dípò ẹ̀, Mísì? Ta ni ò mọ ti òkè?”

“Mo ní kí o yọ ọ́.”

Ọmọ náà mú pẹ́ńsùlù, ó fa igi lé e.

Lọ́jọ́ ìdíje ní Kingstown, pátákó Shernelle fa ojú mọ́ra. Adájọ́ kan, bàbá arúgbó olójú àánú, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo àwòrán etíkun ọjọ́ náà tí ọmọ náà gbà lọ́wọ́ ìyá àgbà kan.

“Ọkọ̀ mẹ́rin ni mo kà níbí, ọmọ mi. Mẹ́ta lo sọ̀rọ̀ ẹ̀. Ìkẹrin ńkọ́?”

Tíṣà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Shernelle gbójú sókè, ó wo Tíṣà rẹ̀ láti ẹ̀yìn adájọ́ náà.

Ó ní, “N ò mọ̀, sà. Mi ò béèrè.”

Bàbá náà fi pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé ẹni tó bá ń wá ìtàn, ìbéèrè ni ọkọ́ ọwọ́ ẹ̀. Ó kọ nǹkan sínú ìwé. Ọmọ tó béèrè ju gbogbo ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ ni wọ́n kà sí ẹni tí kò béèrè. Kò gba ipò kankan.

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wọn padà, Tíṣà ra gbẹ̀rẹ̀fútù sísun fún un. Kò jẹ ẹ́. Tíṣà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ibi tó máa ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀ ni ọmọ náà fèsì sí ohun tí kò tíì sọ.

“Kò sí nǹkan, Mísì. Bàbá yín ni. Ká ní tèmi ni, bóyá èmi náà á yọ ọ́.”

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Shernelle fi ẹ̀kọ́ ìtàn sílẹ̀. Kò yéé kí Tíṣà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ìkíni yẹn sì ń dun Tíṣà ju èébú lọ.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, nígbà tí bàbá Tíṣà kú, tí wọ́n yìn ín tán ní ṣọ́ọ̀ṣì, Tíṣà lọ bá Egbert Lavia níbi tó ti ń tún àwọ̀n ṣe, ó ní òun fẹ́ gbọ́ ti ọjọ́ náà.

Egbert ò gbójú sókè. “Ọmọ Quashie ti bi mí, mo sì ti sọ fún un. Lọ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀.”

Ṣùgbọ́n Shernelle ti bá ìyá ẹ̀ lọ sí Toronto. Tíṣà gba àdírẹ́sì, ó kọ lẹ́tà ojú ewé mẹ́rin. Ó kọ orúkọ bàbá rẹ̀ sí i, ó kọ ibi tóun jókòó sí, ó kọ ohùn àwọn tó ń pè wọ́n.

Èsì dé lẹ́yìn oṣù márùn-ún. Shernelle dúpẹ́, ó ní òun ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó ní òtútù ibẹ̀ ò ṣeé fẹnu sọ, ó kí gbogbo ará ilé ìwé. Kò sọ ohunkóhun nípa ọkọ̀ náà. Tíṣà kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ká a, ó sì lọ sí kíláàsì.