Òrùka Kòjárí

"Ó tún ti ń wálẹ̀ o!" ni ẹni tó jókòó ti géèjì tí wọ́n fi ń wọn agbára omi inú páìpù kígbe.

Gbogbo ojú yí sí géèjì náà. Ọwọ́ rẹ̀ tó ti gun òkè tẹ́lẹ̀ ń rọra padà sẹ́yìn bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. Fọ́mánù bú pọ́ǹpù, ó bú géèjì, ó wá yíjú sí Kòjárí tó ń jórin fún wọn.

"Wẹ́dà, ṣé o rí i báyìí?"

"Mo rí i. Kí ló wá kàn mí ńbẹ̀?"

Kòjárí kọ́ ni orúkọ tí òbí sọ ọ́. Àwọn ará ibi iṣẹ́ ló fún un, nítorí pé irin tó bá ti jó mọ́ra kì í já. Ogún ọdún ló ti ń jẹ ẹ́, ó sì mọ́ ọn lára bí aṣọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n ti ń dán páìpù omi tuntun yìí wò, orúkọ náà ti fẹ́ di yẹ̀yẹ́ sí i lọ́rùn.

Páìpù onírin yìí kì í ṣe èyí tí a kàn ń ti orí ọ̀kan bọ ẹnu èkejì lásán. Wọ́n máa ń to eyín irin sínú ẹnu rẹ̀, òrùka irin sì wà ní orí èyí tó wọlé. Bí omi bá fẹ́ fipá tú wọn, eyín á há mọ́ òrùka, wọn ò ní lè ya ara wọn. Àmọ́ bí wọ́n bá gé páìpù kúrú kó lè bá ibì kan mu, òrùka tó bá a ti ilé iṣẹ́ wá ti bá èyí tí wọ́n gé lọ nìyẹn. Wẹ́dà ló gbọ́dọ̀ tẹ irin mìíràn róbótó, kó jó o mọ́ orí tí wọ́n gé. Láìsí òrùka, eyín ò ní rí nǹkan kan dì mú, omi á sì máa jò jáde.

Mẹ́sàn-án ni wọ́n gé ní òpópónà náà. Wọ́n ti hú méjì jáde báyìí, òrùka Kòjárí sì wà lára méjèèjì digbí.

Ẹnjiníà, ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ṣí ìwé ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Àwọn tí a ò gé ò ní wàhálà. Ó ní láti jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí ẹ jó. Lọ́la la máa hú ẹ̀kẹta."

"Ẹ̀kẹta kẹ̀! Ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá! Ṣé ẹ ti yẹ rọ́bà ẹnu páìpù wò? Pọ́ǹpù yẹn ńkọ́?"

"A ti yẹ gbogbo rẹ̀ wò, sà."

Àwọn ará àdúgbò ti pé lé wọn lórí pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì òfìfo. Ìyá àgbà kan ń pòṣé léraléra, bí ẹni pé Kòjárí ló gbé omi náà mu. Inú wá bí i kọjá bó ṣe yẹ.

"Ẹnjiníà, ẹ gbọ́ o. Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí, ẹ gbọ́! Bí wàhálà yìí bá ti ọwọ́ mi wá, kí ẹ gba iná lọ́wọ́ mi. Mi ò ní jórin mọ́ láyé mi."

"Kò-já-rí!" ni ẹnìkan ké láti ẹ̀yìn, ni ẹ̀rín bá sọ.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Fọ́mánù, tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà, fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Kí ló dé tó o fi búra níwájú èrò?"

"Torí mo mọ iṣẹ́ ọwọ́ mi."

"Èmi náà mọ̀ ọ́n. Gbogbo èyí tí wọ́n gé ni mo rí àmì ṣọ́ọ̀kì rẹ lára rẹ̀ kí n tó ní kí wọ́n sọ ọ́ sínú kòtò. Tí mo bá ti rí àmì rẹ, mi ò kí ń wo nǹkan mìíràn mọ́."

"Ṣé ìwọ náà ti rí i! Ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn."

Ó fìbínú rìn délé. Ìyàwó rẹ̀ ò tilẹ̀ kí i kú àbọ̀.

"Bàbá Ìbejì, ṣé omi ti dé?"

"Má bi mí."

"Èmi kọ́ ni mo ní kí ẹ lọ ṣèlérí omi fún gbogbo àdúgbò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pọnmi lónìí. Ọrùn mi ti fẹ́ wọnú èjìká."

Ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́: bí wọ́n ṣe ń fojú olè wò ó, bí ọmọ àná ṣe fẹ́ kọ́ ọ ní iṣẹ́ tó ti ń ṣe fún ogún ọdún, tó fi búra níwájú èrò. Ìyàwó rẹ̀ jẹ́ kó sọ ọ́ tó.

"Ẹ mu omi ná, kí ara yín balẹ̀."

Ó mú ife, ó ṣí àmù tó wà ní kọ̀rọ̀ yàrá. Ojú Kòjárí tẹ̀lé ife náà dé ìdí àmù, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́.

"Ìyá Ìbejì, kí lo gbé àmù yẹn lé?"

"Irin inú àpò iṣẹ́ yín ni. Ọjọ́ òjò ńlá yẹn ni mo bá a láàárín aṣọ tútù. Mo bi yín, ẹ ní kí n gbé e síbi tó bá wù mí. Láti ìgbà náà, àmù ò fì mọ́."

Ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ pa á yíká. Irin náà ń dán, iná ò kàn án rí. Ọwọ́ rẹ̀ bá méje tó fi ìṣó họ sára rẹ̀, bó ṣe máa ń nọ́ńbà òrùka kọ̀ọ̀kan kó tó jó o.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Kòjárí wo ẹ̀yìn. Kó tó jó òrùka ló máa ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tó máa jókòó sí, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá jó o tán. Òun nìkan ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, torí kò sẹ́ni tó bi í. Lọ́jọ́ yẹn, ó ti sàmì sí ìkeje níwájú ilé aránṣọ nígbà tí òjò lé gbogbo wọn wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ti òrùka bọnú àpò iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí òjò dá, tó fi padà débẹ̀, fọ́mánù ti rí àmì, wọ́n sì ti sọ páìpù sínú kòtò, ó sì gbé iná, ó kọjá sí ìkẹjọ.

"Jíjó mi ò já," ló wí wẹ́rẹ́. "Mi ò jó o rárá ni."

Ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í. "Ṣebí fọ́mánù ló ní kí wọ́n sọ ọ́ sílẹ̀. Òun ni kò wò ó dáadáa."

"Àmì mi ló wò."

"Ẹ ti búra níwájú gbogbo ayé, Bàbá Ìbejì. Bí ẹ bá gbé iná sílẹ̀, kí la máa jẹ?"

Ojú tì í, ẹ̀rù sì bà á. Ó ronú kan ìyá àgbà tó ń pòṣé. Ó yọ fóònù, ó pe fọ́mánù.

"Ẹ má hú ẹ̀kẹta lọ́la. Ìkeje ni kí ẹ hú, níwájú ilé aránṣọ."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Òrùka rẹ̀ wà nílé mi."

"Nílé rẹ kẹ̀!" ni fọ́mánù pariwo.

"Mò ń gbé e bọ̀ láàárọ̀," ni Kòjárí fèsì. "Mò ń gbé iná náà bọ̀ pẹ̀lú. Bí ẹnjiníà bá ní kí n jó o, màá jó o. Bó bá ní kí n gbé iná sílẹ̀, màá gbé e sílẹ̀."

Ó pa fóònù. Kò lè wo ojú ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà dìde. Ó fa korobá mọ́ra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́n omi inú àmù sínú rẹ̀ ní ife kọ̀ọ̀kan, kí àmù lè fúyẹ́ tó èyí tí wọ́n á fi gbé e kúrò lórí òrùka.