Ẹni Tó Dúró Lẹ́yìn Bọ́ọ̀sì

"Ṣé ẹ̀yin náà wà lára wọn ni?" Akọ̀ròyìn rédíò na ẹ̀rọ gbohùngbohùn sábẹ́ àgbọ̀n Ìyá Ìbejì. Ọ̀rọ̀ náà ń lọ sórí afẹ́fẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Inú gáréèjì bọ́ọ̀sì ni wọ́n wà. Àwọn awakọ̀ ọkùnrin fẹ̀yìn ti ògiri, wọ́n ń wò ó. Ìyá Ìbejì ni obìnrin àkọ́kọ́ tí iléeṣẹ́ ọkọ̀ èrò máa fún ní bọ́ọ̀sì gígùn, ọjọ́ yìí gan-an ló sì máa kọ́kọ́ gbé èrò. Kò sí ẹni tí kò mọ àwọn "wọn" tí akọ̀ròyìn ń wí: ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ obìnrin ni, èyí tí ìlú sọ ní Ẹgbẹ́ Dálémosú. Wọ́n ní ọkọ kì í pẹ́ nílé wọn. Wọ́n tún ní ọbẹ̀ wọn kì í dùn, bí ẹni pé gbogbo ìlú ló ti tọ́ ọ wò.

"Èmi kẹ̀?" ni Ìyá Ìbejì wí. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ o! Èmi lọ́kọ nílé. Èmi ò bá ọkùnrin kankan jà. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ló gbé mi débí."

Gáréèjì bú sẹ́rìn-ín, ẹnì kan tiẹ̀ pàtẹ́wọ́. Ká má purọ́, inú rẹ̀ dùn. Látìgbà tó ti ń kọ́ ọkọ̀ náà, òun ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Òní ni wọ́n kọ́kọ́ bá a rẹ́rìn-ín.

Ó yíjú báyìí, ló bá rí Màmá Olùkọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Màmá Olùkọ́, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ni olórí ẹgbẹ́ náà. Òun ló ń lọ tó ń bọ̀ ní ọ́fíìsì ọ̀gá iléeṣẹ́, títí wọ́n fi gbà pé kí obìnrin máa wakọ̀. Ó múra bí ìyá ìyàwó. Ó sì ti gbọ́.

Ìyá Ìbejì yára gbójú kúrò. Ó sáré gun ọkọ̀.

Òfin gáréèjì ni pé bọ́ọ̀sì gígùn kò gbọdọ̀ fẹ̀yìn rìn jáde láìsí ẹni tó dúró lẹ́yìn rẹ̀, tó ń pariwo, tó ń fọwọ́ gbá a lára. Awakọ̀ kan ló ń ṣe é fún èkejì. Ìyá Ìbejì tan ọkọ̀, ó ń retí. Àwọn tó bá a rẹ́rìn-ín tẹjú mọ́ fóònù. Ọ̀kan ní òun ń lọ tọ̀.

Ló bá gbọ́ ọwọ́ lára irin: pàà! "Máa bọ̀! Máa bọ̀! Ọwọ́ òsì díẹ̀! Ó tó!"

Ohùn Màmá Olùkọ́ ni. Òun náà ló ń dúró fún un nínú oòrùn nígbà tó ń kọ́ṣẹ́. Ìtìjú mú Ìyá Ìbejì débi pé kò lè wo díńgí. Ì bá sàn kí màmá bú òun. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni.

Màmá Olùkọ́ wọlé, ó jókòó sí àga iwájú, lẹ́yìn awakọ̀ gan-an.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀rù ló bà mí. Ojú pọ̀ jù."

"Wa ọkọ̀ ẹ, ọmọ mi. Ìwọ kọ́ lo máa kọ́kọ́ sọ ọ́. Nọ́ọ̀sì tá a jà fún sọ ọ́. Lọ́yà náà sọ ọ́. Wọ́n kàn rọra sọ tiwọn ni, tìẹ ló dé orí rédíò."

Ìyá Ìbejì wakọ̀. Ó ti máa ń rò pé àwọn ọkùnrin àtàwọn oníwèé ìròyìn ló ba ẹgbẹ́ náà lórúkọ jẹ́. Kò ronú kan àwọn tó jẹ nínú oore wọn.

Ní ibùdókọ̀ kejì, bàbá àgbàlagbà kan gòkè wá, ojú rẹ̀ tàn. "Ẹ̀yin lẹ sọ̀rọ̀ lórí rédíò láàárọ̀ yìí! Ẹ káre! Obìnrin gidi nìyẹn. Ẹ ò ṣe bíi tàwọn aláìlọ́kọ yẹn."

Màmá Olùkọ́ kọjú sí fèrèsé. Ìyá Ìbejì la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí ahọ́n rẹ̀: olórí wọn rèé lẹ́yìn mi, bàbá, àwọn ló gbé mi débí.

"Ẹ ṣeun, sà," ló sọ.

Ó ti ilẹ̀kùn, ó tẹná mọ́ ọkọ̀. Kò sí akọ̀ròyìn níbẹ̀, kò sí awakọ̀ kankan lára ògiri. Bàbá kan ṣoṣo ni, tó ń wá ibi tí yóò jókòó sí.