Kíláàsì tí Fèrè Yàn

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn yunifásítì yìí ná. Ọmọ tó ti ń sá fún ìṣirò láti kékeré, tó fi gbogbo ara gba ẹ̀kọ́ ìtàn, wọ́n tún ní kò ní gboyè àfi tó bá yan kíláàsì sáyẹ́ǹsì kan mọ́ ọn. Wọ́n ní kí orí rẹ̀ lè pé ni. Bí ẹni pé orí àwọn tó ń ka ìtàn ń jò!

Bó ṣe bá ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Fèrè nìyẹn. Kì í ṣe orúkọ àbísọ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ tó jẹ́ káfíńtà ló fún un, nítorí ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, ó sì ń dún ketekete láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọwọ́. Nígbà náà, bó bá ti ké nínú ilé, bàbá á ju òòlù sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́yìnkùlé, á ní, "Fèrè mi ti ń fọn o!" Á sì sáré wọlé.

Ìgbà yẹn nìyẹn o. Láti ìgbà tí Fèrè ti wọ yunifásítì, bàbá kì í fi bẹ́ẹ̀ dá a lóhùn mọ́. Bó bá kí i láàárọ̀, ó di ìgbà tí bàbá bá gbójú sókè tó rí i. Bó bá bi í ní nǹkan, bàbá á mi orí, á ní, "Ó dáa," bí ìbéèrè náà ò bá tiẹ̀ gba "ó dáa" rárá. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó ń bá bàbá ṣiṣẹ́, ṣáà kùn láti ẹnu ọ̀nà, bàbá ti gbọ́. Bí ìyá wọn bá pè é, ìyá tí ohùn rẹ̀ nípọn ju ti ọkùnrin mìíràn lọ, ó gbọ́. Fèrè nìkan ni ó kọ etí ikún sí.

Ọ̀rọ̀ náà dun ọmọ yìí dé egungun. Ó ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé bàbá ò fẹ́ kí òun kàwé ni, pé inú ló ń bí i. Ó ti bá àbúrò ìyá rẹ̀ tó ń gbé ní ìlú kejì sọ ọ́: bí ìforúkọsílẹ̀ bá ti parí lọ́jọ́ Ẹtì, òun yóò kó lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, òun ò sì ní padà. Àpò aṣọ rẹ̀ ti wà lábẹ́ ibùsùn. Kíláàsì sáyẹ́ǹsì yìí nìkan ló kù kó yàn.

Wọ́n gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láyè láti tọ́ kíláàsì wò kí wọ́n tó yàn án. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kó lọ sí ti ìràwọ̀, pé ibẹ̀ rọrùn, àwòrán nìkan ni wọ́n ń wò. Fèrè lọ. Ó bi olùkọ́ pé ta ló kọ́kọ́ jókòó ka ìràwọ̀, ṣé ẹni náà ò níṣẹ́ lọ́wọ́ ni. Olùkọ́ ní ìyẹn ò sí nínú ìdánwò. Àwòrán tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì wí, ìṣirò ló pọ̀ jù ú lọ. Ó tún lọ sí ti òkúta. Olùkọ́ ibẹ̀ fẹ́ràn òkúta débi pé òkúta ló ń bá sọ̀rọ̀, kò rí tàwọn akẹ́kọ̀ọ́ rò. Fèrè gbé òkúta kan lọ́wọ́, ó wò ó títí, òkúta náà ò sọ nǹkan kan fún un. Nígbà tó fi máa jí, kíláàsì ti tú.

Ọjọ́bọ̀ ló já wọ yàrá kan tí wọ́n ti ń kọ́ nípa ìró. Yàrá náà ò ní fèrèsé, fóòmù ni wọ́n fi bo ògiri rẹ̀, sípíkà ńlá kan sì wà lórí tábìlì. Olùkọ́ ibẹ̀, ìyá àgbàlagbà kan tó so awò ojú mọ́ ọrùn, kò ṣí ìwé kankan. Ó ní kí wọ́n wá gbé ọwọ́ lé sípíkà náà níkọ̀ọ̀kan. Nǹkan kan ń gbọ̀n rìrì lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ Fèrè.

"Ohun tí ẹ̀ ń pè ní ìró nìyẹn," ni olùkọ́ wí. "Gbígbọ̀n ni. Etí kàn jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó ń gbà á lálejò ni. Ẹ fọwọ́ kan ọ̀fun yín kí ẹ sọ̀rọ̀. Ṣé kò gbọ̀n?"

Gbogbo kíláàsì di ọ̀fun mú, wọ́n ń kùn bí oyin. Fèrè náà di tirẹ̀ mú, ó sì gbàgbé pé ńṣe ni òun wá wò ó lásán.

Olùkọ́ wá ní kí gbogbo wọn nawọ́ sókè. Òun yóò jẹ́ kí ìró kan máa ròkè, kó máa tín-ín-rín sí i. Ẹni tí kò bá gbọ́ ọ mọ́, kó sọwọ́ kalẹ̀. Òun náà nawọ́. Ìró bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, ó ń gòkè bọ̀. Ọwọ́ tó kọ́kọ́ wálẹ̀, ti olùkọ́ fúnra rẹ̀ ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wo ara wọn. Ìró náà ń gún wọn létí bí abẹ́rẹ́, ìyá yìí sì dúró ti sípíkà, ó ń nu awò ojú rẹ̀, bí ẹni pé ilé dákẹ́ rọ́rọ́.

Háà! Ṣé èèyàn lè dúró ti ìró báyìí kí ó má gbọ́ ọ? Fèrè ò lè pa á mọ́ra. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé lóòótọ́ lẹ ò gbọ́ ọ?"

Olùkọ́ fi ọwọ́ sẹ́tí. "Ohùn tìrẹ gan-an fẹ́ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Sún mọ́ mi, rọ ohùn rẹ wálẹ̀. Má pariwo o, rọ̀ ọ́ wálẹ̀ ni."

Fèrè rọ ohùn wálẹ̀, ó tún un béèrè.

"Ẹ̀n-ẹ́n. Mi ò gbọ́ ọ, ọmọ mi. Ọjọ́ orí ni. Àwọn ìró tín-ín-rín ló máa ń kọ́kọ́ lọ, àwọn tó nípọn á dúró. Ti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ aláriwo tún máa ń yá ju tiwa lọ. Ọ̀pọ̀ wọn ò sì mọ̀. Báwo lèèyàn ṣe máa mọ ohun tí kò gbọ́?"

Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí Fèrè lọ́kàn kì í ṣe bàbá rẹ̀. Kẹ́tùlù ni. Wọ́n ní kẹ́tùlù kan nílé tó máa ń súfèé bí omi rẹ̀ bá hó. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni bàbá ti jókòó tì í, tó ń ka ìwé ìròyìn, tí kẹ́tùlù á súfèé títí omi á fi gbẹ, tí ìdí rẹ̀ á jó. Ìyá Fèrè á ní agídí ọkùnrin yìí ni yóò jó ilé mọ́ àwọn lórí. Fèrè wá bi ara rẹ̀ pé: kí ni kẹ́tùlù ṣe fún bàbá? Ṣé kẹ́tùlù náà wọ yunifásítì ni?

Ẹ̀rín pa á. Lẹ́yìn náà ló rántí ẹ̀rọ ayùn tó ń ké nínú ṣọ́ọ̀bù bàbá lójoojúmọ́.

Nírọ̀lẹ́, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti gbé àga lọ fún oníbàárà. Ẹ̀rọ ayùn ti dákẹ́, lẹ́búlẹ́bú pákó bo ilẹ̀. Bàbá kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà, ó ń fá pákó kan. Olùkọ́ ti sọ kí kíláàsì tó tú pé ẹni tó bá ń wádìí nǹkan kì í yí ohun méjì padà lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, Fèrè dúró síbi kan. Kò ní sún síwájú, kò sì ní pariwo. Ohùn nìkan ni yóò yí padà.

"Bàbá."

Bàbá ń fá pákó rẹ̀ lọ.

Ẹ̀rù wá ń ba ọmọ yìí. Bí bàbá ò bá dáhùn èyí tó kàn, a jẹ́ pé òótọ́ ni gbogbo ohun tó ti ń rò, àpò abẹ́ ibùsùn á sì gbéra lọ́la. Ó mí kanlẹ̀, ó fa ohùn jáde láti ìsàlẹ̀ àyà, ó rọ̀ ọ́ títí ó fi dà bíi ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nígbà tí ọ̀fìnkìn bá mú un.

"Bàbá."

Ọwọ́ bàbá dúró. "Ẹ̀n? Ta nìyẹn?" Ó yíjú padà. Ó tiẹ̀ tún wo ẹ̀yìn Fèrè bóyá ẹlòmíràn wà níbẹ̀.

"Èmi ni, Bàbá."

"Ìwọ? Kí ló ṣe ohùn rẹ?"

"Kò ṣe nǹkan kan, Bàbá. Ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi?"

Bàbá gbé irinṣẹ́ sílẹ̀. Ó jókòó lórí àga kan tí kò tíì kan ẹ̀yìn rẹ̀. "Ọmọ yìí, ó ti pẹ́ tó o ti bá mi sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ẹnu rẹ ni mo máa ń rí tó ń mì. Mo ní bóyá ìwé tó o kà ló jẹ́ kó o máa sọ̀rọ̀ sínú fún káfíńtà. Mo ní kò burú, ọmọ mi náà ṣáà ni."

Omijé bọ́ lójú Fèrè. Ẹ ò rí nǹkan? Àwọn méjèèjì nínú ilé kan náà, kálukú ń di ẹnì kejì rẹ̀ sínú, kò sì sẹ́ni tó ṣẹ ẹnì kan. "Mò ń sọ̀rọ̀ o, Bàbá," ló wí, ó ṣì rọ ohùn wálẹ̀. "Kò sí àárọ̀ tí mi ò kí yín." Ó sọ ti olùkọ́ fún un, ó sọ ti ọwọ́ tó wálẹ̀, ó sọ ti ẹ̀rọ ayùn.

Bàbá fẹ́ jiyàn. "Kẹ́tùlù yẹn ńkọ́?" ló béèrè. "Ó ṣì ń súfèé?"

"Ó ń súfèé, Bàbá."

"Èmi rò pé ó ti bàjẹ́ ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí bàbá fi nu ojú. "Kíláàsì wo nìyẹn?" ló ní.

"Ti ìró ni, Bàbá. Mi ò tíì yàn án."

"Kí lò ń dúró dè?" Lẹ́yìn náà ló wo ilẹ̀. "Fèrè mi ńkọ́? Ohùn tí mo fi sọ ọ́ lórúkọ, ó ti lọ nìyẹn?"

Fèrè fa ọwọ́ bàbá, ọwọ́ líle tí lẹ́búlẹ́bú pákó bò, ó gbé e lé ọ̀fun ara rẹ̀. Ó wá pè é pẹ̀lú ohùn rẹ̀ gan-an, ohùn tín-ín-rín ọjọ́ kìn-ín-ní.

"Bàbá."

Ojú bàbá ò fi hàn pé ó gbọ́. Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀.

"Ó wà níbẹ̀," ló ní. "Tún pè mí."