Ọkọ̀ Abẹ́ Ilẹ̀ Tó Gba Ọ̀dọ̀ Ìyá Mosúnmọ́lá

Oorun tí Mosúnmọ́lá sùn lóru àná, ìbá sàn kó má tilẹ̀ sùn. Mosúnmọ́lá yìí ni obìnrin tó ń ta ẹja yìnyín ní Ìtòkò, ní Abẹ́òkúta, ẹni tí gbogbo wa mọ̀ pé kì í bínú bọ̀rọ̀. Ẹ jókòó, kí n sọ àlá tó lá fún yín bó ṣe sọ ọ́ fún mi, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà tó bínú sí.

Nínú àlá náà, ó ń họ ìpẹ́ ẹja níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì tìtì. Mọ́tò kan ń kọjá, sípíkà ńlá wà lórí rẹ̀, ó ń ké pé:

"Ẹ̀yin ará àdúgbò! Ọkọ̀ ojú irin tí yóò máa gba abẹ́ ilẹ̀ ń bọ̀ nílùú wa! A ò ní gbẹ́ ilẹ̀ kankan láìgbọ́ tẹnu yín. Ẹ máa bọ̀ ní ọ́fíìsì!"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Mosúnmọ́lá lára. Ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ni wọ́n sin ìyá rẹ̀ sí, kò sì fẹ́ kẹ́nikẹ́ni ti irin bọ ibi tí ìyá náà ti ń sinmi. Ó da omi sọ́wọ́, ó ń ṣan án. Ẹja tó wà lórí àtẹ gbé orí sókè.

"Ẹ tètè lọ o, Màmá," ni ẹja náà wí. "Èrò ti pọ̀ níbẹ̀."

"O ṣeun," ni Mosúnmọ́lá dá a lóhùn. Kò yà á lẹ́nu. Ó kàn fi ọ̀rá bò ó kí eṣinṣin má baà bà lé e.

Ọ́fíìsì kò sí nílẹ̀. Òkè ló wà, ó ń léfòó lórí páànù àwọn ilé, wọ́n fi okùn so ó mọ́ òpó iná bí ẹni so àgbò ọdún. Àkàbà kan rọ̀ sílẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Bí Mosúnmọ́lá bá ti gùn ún dé àárín, afẹ́fẹ́ á fẹ́, ọ́fíìsì á sún, á sì gbé òun àti àkàbà kọjá lórí àwọn aládùúgbò tó ń sá aṣọ. Pé ọ́fíìsì ń fò kọ́ ló bí i nínú. Pé wọn ò sọ fún un kó wọ ṣòkòtò ló bí i nínú.

Nígbà tó dé inú, ọkùnrin kan dìde kí i láàárín àwọn akọ̀wé rẹ̀. Ẹnjiníà Akínrìnmádé lorúkọ rẹ̀, òun ni olórí iṣẹ́ náà, ẹnu rẹ̀ sì dùn ju ìrèké lọ.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá wa. Ohùn yín gan-an la fẹ́ gbọ́."

Ó gbé ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò kan jáde, ó ní kó sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀. Mosúnmọ́lá tẹ̀ síwájú, ó sọ ọ́ ketekete: "Ìyá mi wà lẹ́yìn ilé mi. Ẹ bá mi gba ẹ̀gbẹ́ pápá iléèwé kọjá, ilẹ̀ òfìfo ni." Ẹnjiníà fi ìdérí dé ìgò náà pinpin, ó gbé e sórí pẹpẹ. Ìgò ló kún orí pẹpẹ náà lọ bẹẹrẹ, ohùn àwọn ará àdúgbò sì ń kùn nínú wọn bí oyin.

"Ìgbà wo lẹ ó gbọ́ ọ?"

"Tí ọkọ̀ bá ti ń rìn, Màmá. Kò ní sí ariwo iṣẹ́ mọ́ nígbà náà. Ẹ dákun, àwọ̀ wo lẹ fẹ́ ká fi kun ìjókòó? Búlúù ni àbí àwọ̀ ewé?"

"Èmi ò bá yín sọ ti ìjókòó."

"Mo gbọ́ yín, Màmá. Búlúù ni àbí àwọ̀ ewé?"

"Ẹnjiníà, sàréè ni mò ń wí!"

"Ẹ ṣé gan-an. Ṣé ká kọ àwọ̀ ewé sílẹ̀?"

Inú bí Mosúnmọ́lá débi pé ó gbá tábìlì. Ni tábìlì bá fọn fèrè. Ọ́fíìsì já bọ́, ó gba inú ilẹ̀ lọ, àwọn àga di ìjókòó ọkọ̀, àpáta bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kọjá lójú fèrèsé. Àṣé wọ́n ti gbẹ́ ọ̀nà náà tán tipẹ́! Àpáta Abẹ́òkúta ń ráhùn bí ọkọ̀ ti ń lọ: "Èmi náà, wọn ò bi mí o."

"Ẹ pẹ̀lẹ́," ni Mosúnmọ́lá sọ fún un.

Ọkọ̀ dúró ní ibùdókọ̀ àkọ́kọ́. Ẹ̀yìn ilé Mosúnmọ́lá ni, láti abẹ́ ilẹ̀. Ìyá rẹ̀ jókòó lórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀, ó gbé ìrọ̀rí rẹ̀ lé ẹsẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n fún àìsùn. Mosúnmọ́lá kúnlẹ̀ fún un.

"Mosún, ṣé ìwọ lo ní kí wọ́n wá máa sáré nínú yàrá mi?"

"Rárá, Ìyá mi. Wọn ò gbọ́ tèmi."

"Wọ́n wá bi èmi léèrè o."

"Kí ni wọ́n bi yín?"

"Wọ́n ní àwọ̀ wo ni mo fẹ́."

"Ẹ wá ní kí ni?"

"Mo ní búlúù." Ìyá náà mí kanlẹ̀. "N kò mọ ohun tí mò ń fọwọ́ sí, ọmọ mi. Ó ti rẹ̀ mí. Bá mi dá wọn dúró."

Omi bọ́ lójú Mosúnmọ́lá. Ó yíjú sí Ẹnjiníà, ó gbá a lọ́rùn aṣọ mú. "Ẹ dá ọkọ̀ yìí padà!"

"Màmá, ìgbìmọ̀ yóò jókòó lé e, wọn yóò sì mẹ̀ẹ̀ẹ̀ẹ̀…"

Irùngbọ̀n rẹ̀ gùn, ìwo yọ lórí rẹ̀, ó di òbúkọ pátápátá. Àwọn akọ̀wé rẹ̀ náà di ewúrẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ àwòrán ọ̀nà tó wà lára ògiri. Ewúrẹ́ ti jẹ ẹ̀fọ́ Mosúnmọ́lá rí, ó sì mọ̀ pé a kì í bá ewúrẹ́ ro ẹjọ́. Ó fi wọ́n sílẹ̀, ó lọ sídìí pẹpẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìgò.

Ó ṣí àkọ́kọ́, ohùn ọkùnrin kan bú jáde: "Kànga mi ń gbẹ!" Ó ṣí òmíràn: "Ògiri ilé wa ti là!" Ó ṣí gbogbo wọn, ohùn kún inú ilẹ̀, tirẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń ké ju tàwọn yòókù lọ. Ọkọ̀ gbọ́. Iná iwájú rẹ̀ ṣẹ́jú.

"Ṣé ohun tí ẹ ti ń sọ látọjọ́ yìí nìyí?" ni ọkọ̀ béèrè. "Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Ẹ má bínú. Màmá, ibo ni kí n gbà?"

Ẹ̀yin èèyàn, ìbéèrè gidi tí ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ bi í nìyẹn. Ìyá rẹ̀ dìde dúró. Àwọn ewúrẹ́ dẹ́kun jíjẹ. Mosúnmọ́lá na ọwọ́, ó la ẹnu pé kó sọ ọ́… ojú rẹ̀ bá là.

Ilẹ̀ ti mọ́. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wá ọkọ̀ náà lójú ògiri, inú ń bí i burúkú pé òun ò rí i sọ. Ọkọ rẹ̀, Ṣótúndé, yọjú lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, òun ló máa ń dáná àárọ̀.

"Ìyá Dàpọ̀, o ti jí? Kí ni ká jẹ láàárọ̀ yìí, iṣu ni àbí ẹ̀wà?"

Mosúnmọ́lá fẹ́ dáhùn, ni òórùn ẹ̀wà tó ti ń jóná bá bá a lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Bàbá Dàpọ̀, kí ló wà lórí iná?"

Ṣótúndé wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Ẹ̀wà ni."

"Kí lẹ wá ń bi mí sí?"

"Mo kàn ní kí n gbọ́ tẹnu ẹ ni."

Mosúnmọ́lá ró ìró rẹ̀, ó dìde. "Iṣu ni mo fẹ́," ló wí. Ó lọ sọ ẹ̀wà kalẹ̀, ó gbé iṣu àti ọ̀bẹ lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó fa àpótí sẹ́nu ọ̀nà, ó sì jókòó tì í títí ó fi bẹ ẹ́ tán.